Àwo Rẹ́gẹ̀ Inú Yàrá Àǹkárá

Òórùn káńfọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, òórùn káńfọ̀ àti ti àǹkárá tuntun tí omi kò tíì kàn. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ilé Alhájà aláṣọ kan ní Èjìgbò níbí, ní àdúgbò tó jẹ́ pé bí o bá ju òkò láìwojú, ẹni tó ti gbé Abíjàn rí ni yóò bà. Ìdì aṣọ ló kún yàrá náà láti ilẹ̀ dé àjà, yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, àfi àlàfo kan láàárín tí ènìyàn mẹ́rin lè jókòó sí bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Bí o bá pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, ibi tí o ti pa á náà ni yóò kú sí. Ìwọ náà mọ bí àwọn yàrá wa ṣe máa ń dún lábẹ́ páànù, nítorí náà o mọ̀ pé irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ibẹ̀ ni a ti ṣe àwo rẹ́gẹ̀ wa, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbọ́ ti jìtá béèsì rẹ̀ ju ti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ohun tí yàrá náà lè wúlò fún ni ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń pè ní Músíọ̀. Ó ti lo ọdún pípẹ́ ní Abíjàn, ní ilé kan tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Iṣẹ́ wo ló ṣe níbẹ̀? Ní oṣù àkọ́kọ́ tó dé, ó ní òun ni ọ̀gá ẹ̀rọ. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ti di igbákejì ọ̀gá. Kí ọdún tó yí po, a ti mọ̀ pé wáyà ló ń bá wọn ká, tó sì ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá ààfin a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba, àbí irọ́ ni mo pa? Ojú rẹ̀ ti rí, etí rẹ̀ sì ti gbọ́. Ó kó páálí àwo méjì bọ̀ wálé, rẹ́gẹ̀ nínú ọ̀kan, rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó onírun gígùn nínú èkejì. Ó sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan bọ̀, ògbólógbòó tó wúwo bí ọlọ, tó ní kẹ̀kẹ́ méjì lórí, tí téèpù ń ti ara ọ̀kan wé mọ́ ara èkejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a ó péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Yóò nu àwo kan bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, yóò gbé e sí i, yóò sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọhùn. Àwa ń gbọ́ orin. Òun ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. “Ẹ gbọ́ béèsì yẹn. Òun àti dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Akọrin ò tíì jí lójú oorun nígbà yẹn.” Ó ṣàlàyé fún wa pé àwọn onírẹ́gẹ̀ àtijọ́ kò ní ju ojú ọ̀nà ohùn mẹ́rin lọ lórí téèpù wọn. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kún, wọn a da mẹ́ta pọ̀ sórí ẹyọ kan, kí àyè lè ṣí fún àwọn elégbè àti àwọn afunfèrè, bí aláṣọ òfì ṣe ń rán ìrépé mọ́ ìrépé títí yóò fi di odidi ìró. Ó ní àwọn onírọ́ọ̀kì ní tiwọn lówó, wọ́n lè ti ara wọn mọ́lé fún oṣù mélòó kan nítorí àwo kan, kí oníjìtá máa ta okùn kan ṣoṣo títí ìka rẹ̀ yóò fi bó. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ yìí,” ni Músíọ̀ máa ń wí, “yàrá ló ń ṣe àwo. Ẹ̀rọ kàn ń jẹ́rìí sí i ni.” Títí dòní mi ò mọ ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára nígbà náà bí òjò àkọ́rọ̀.

Akọrin wa ni ọmọ Alhájà aláṣọ yìí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń jáde jẹ́jẹ́ bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ yọ ará ilé lẹ́nu. Ó ń kọrin nípa ọ̀nà oko tó lọ sí Ọlá, nípa àwọn tí ń wọkọ̀ lọ sí Abíjàn tí ìyá wọn ń ka ọjọ́. Kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè bá orin náà wí. Irun orí rẹ̀ tó lọ́ pọ̀ ni ìyá rẹ̀ kò fẹ́ rí.

“Irun orí rẹ yìí, ṣé ẹ̀jẹ́ ni àbí àìsàn?”

“Ìyá mi, irun lásán ni.”

“Irun lásán kì í lé oníbàárà mọ́ èèyàn lọ́wọ́.”

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é lójoojúmọ́, níwájú àwọn tó wá ra aṣọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Abíjàn ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun dúró ti ìsọ̀, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀. Ó ní bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò fẹ́ irun náà dànù. Nítorí ìrìn àjò yìí ni Músíọ̀ fi lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhájà pé kó yá wa ní yàrá ìkáṣọsí rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣáná sí sìgá nítòsí ọjà òun, bí wọ́n bá sì ti pe ìrun, kí jìtá dákẹ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a ní, nítorí ìdájí ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbéra. Iná wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bàìbàì láti àárọ̀. Gílóòbù inú yàrá náà pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn, kò sì mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Onílù wa, tó gun alùpùpù láti ìlú Ara wá pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́yìn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, iná yìí mà ń kú lọ.”

“Ẹ̀rọ yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ,” ni Músíọ̀ dá a lóhùn. “Bí iná bá kéré, ó mọ bó ṣe máa ṣọ́ ọ ná. Ó yá, dúsúmáà! Dúsúmáà!” Ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbàkigbà tó bá fẹ́ ká rọra, bí àwọn ará Abíjàn ṣe ń sọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí yí.

A kọ́kọ́ gba béèsì àti dúrọ́ọ̀mù, bí àwọn baba ńlá rẹ́gẹ̀ ti ṣe é. Lẹ́yìn náà ló kan ohùn. Músíọ̀ fẹ́ kí ohùn náà ní gbohùngbohùn, àmọ́ yàrá tó kún fún aṣọ kì í dáhùn. Ló bá ní ká yí táǹkì irin kan tó ti jò, tó wà lẹ́yìnkùlé, wá sẹ́nu ọ̀nà. Akọrin wa ki orí bọ ẹnu rẹ̀ lápá kan, máìkì sì wà lápá kejì. Ibẹ̀ ni Alhájà ti bá wa.

“Ṣé ibi tí ayé yín dé rèé? Táǹkì lẹ ń kọrin sí?”

“Alhájà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn,” ni Músíọ̀ wí.

“Ó dáa. Wọn ò ní omi tí wọ́n máa rọ sínú tiwọn ni.”

Ẹ̀rín pa wá títí a fi gba orin náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n ti kírun Àsárì, orin mẹ́fà ti wà lórí téèpù. Músíọ̀ yí i padà, a sì jókòó láàárín àǹkárá, a gbọ́ ara wa. Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn. Béèsì mi ń rìn bí àgbàlagbà tó ti yó, ohùn akọrin wa sì ń ti inú táǹkì bọ̀ bí ẹni tí ń pè ọ́ láti òdìkejì odò. Alhájà dúró ní ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí akọrin wa ti lọ, iná dé, iná gidi, èyí tó ń mú kí fáànù máa kùn bí agbọ́n. Músíọ̀ ní ká wá da orin náà sí kásẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ ẹ̀rọ. Ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí ọmọ eku mẹ́rin tó ń jà nínú àgbá gàrí. Béèsì mi ń sáré, dúrọ́ọ̀mù ń ta pátápátá bí àgbàdo lórí iná, akọrin wa sì ti di ọmọdé tí ìjàlọ ta. Onílù ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín yìí mà gbọ́n o.” Ìgbà náà la tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná bàìbàì ọjọ́ náà ti mú kí kẹ̀kẹ́ máa falẹ̀ nígbà tí a ń gbà á sílẹ̀. Iná bàìbàì kan náà la sì fi gbọ́ ọ, nítorí náà etí wa kò fura. Nígbà tí iná gidi wá yí kẹ̀kẹ́ bó ṣe yẹ kó yí, gbogbo wa ta kìjí. Músíọ̀ jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú. Ibi tí iná kì í ti í ṣe bàìbàì ló ti kọ́ṣẹ́. Wọn kò kọ́ ọ ní ti ilé.

A rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. A ní bí akọrin wa bá wálé ọdún Iléyá, a ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí Iléyá tó dé, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Abíjàn. Ìwọ náà rántí bí gbogbo ìlú yìí ṣe dákẹ́. Ilé wo ni kò ní ènìyàn níbẹ̀? Ọkọ̀ kò lọ, ọkọ̀ kò bọ̀. Àwọn tó sá dé ń sọ ohun tí wọ́n rí, kò sì sí èyí tó rí ọmọ Alhájà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn kan ní ìsọ̀ wọn ti jóná. Àwọn kan ní wọ́n rí onírun kan lójú ọ̀nà àríwá. Oṣù ń gorí oṣù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Alhájà wọlé tọ Músíọ̀ wá. Mo wà níbẹ̀. A fún un ní àga, kò jókòó.

“Ẹ ní ọmọ mi wà nínú ẹ̀rọ yín. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.”

Músíọ̀ wò mí, èmi náà wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ iná àti kẹ̀kẹ́, ìyá náà sì gbọ́wọ́ sókè. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn eku náà jáde. Alhájà fetí sí i títí ẹsẹ àkọ́kọ́ fi parí, kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò sì yí padà.

“Èyí kì í ṣe ọmọ mi,” ló wí. “Ẹ mú ọmọ mi jáde.”

Ohun tó wá dé bá wa ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún iná bàìbàì. Má rẹ́rìn-ín. Iná bàìbàì yẹn nìkan ló lè dá ohùn náà padà síbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí ayé ṣe máa ń ṣe, ní gbogbo àkókò náà, bí iná bá wá, á wá gan-an, bí kò bá sì wá, kò sí nìyẹn. Aládùúgbò kan gbọ́ tí Músíọ̀ ń ráhùn pé iná ti dára jù, ó sì ń bú u jákèjádò àdúgbò fún ọjọ́ mẹ́ta. Alhájà ń wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, Músíọ̀ a mi orí, ìyá náà a sì padà.

Ní Jímọ̀ kẹrin tàbí karùn-ún, Músíọ̀ kò mi orí. Ó ti rántí ohun kan tó rí ní Abíjàn, bí ọ̀gá ẹ̀rọ wọn ṣe fi ọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ téèpù lọ́jọ́ kan tí orin sì falẹ̀. Ó ṣẹ́ ìrépé àǹkárá kan po, ó fi í sábẹ́ àtàǹpàkò, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kẹ̀kẹ́. Ohùn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà lójú wa. Ó di ọmọdé, ó di ọmọge, ó di ọ̀dọ́mọkùnrin. Alhájà fọwọ́ kan ògiri.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kígbe pé kó dúró. Ó yẹ kó yé ọ: orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí okùn béèsì tí n kò fi ìka tẹ̀ rárá. Bí mo bá ta okùn yẹn, tí ó sì bá ti inú téèpù mu, kò sí àríyànjiyàn mọ́, ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Mo gbé jìtá mi, mo ta á. Ó bá a mu géérégé.

“Ó ti dé ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má kúrò níbẹ̀.”

“Kò tíì dé,” ni Alhájà wí. “Ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀ sí i.”

“Ìyá, ó ti dé. Ẹ gbọ́ okùn mi.”

“Ṣé okùn rẹ ló bí i?”

Músíọ̀ tẹ̀ ẹ́ sí i. Ohùn náà rẹlẹ̀ kọjá okùn mi, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀. Inú bí mi. Mo tún ta okùn náà, kíkan, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Mo ní bí a bá ti báyìí gbà á, irọ́ la gbà, gbogbo ẹni tó bá mọ orin ni yóò mọ̀. Mo ṣì kéré, mo sì mọ ohun kan, kò sí ohun tó ń dí ènìyàn létí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ẹ tètè pinnu o,” ni Músíọ̀ wí, “ìka mi ń jóná.”

“Dúró,” ni Alhájà wí. “Dúró níbẹ̀. Àárọ̀ nìyẹn.”

Kò yé wa. Ó wá jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó nínú ilé náà nìyẹn. Ó ní ní ìdájí ọjọ́ tí ọmọ náà ń lọ, ó wá sẹ́nu yàrá òun, omi kò tíì kàn án lẹ́nu, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, ẹ káàárọ̀, ìyá mi, mo ń lọ o. Ó ní irun yẹn ṣì ń bí òun nínú, òun ń tẹ́ ibùsùn lọ́wọ́.

“Ẹ̀yìn ni mo fi dá a lóhùn,” ló wí. “Mi ò yíjú. Mo ní, ó dàbọ̀. Ohùn yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Bó ṣe rẹlẹ̀ nìyẹn, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.”

Mo gbé jìtá mi ti ògiri. Músíọ̀ kò mú ìka rẹ̀ kúrò. Ní ọ̀sán náà, èmi àti òun ń gba àtàǹpàkò fún ara wa, a da orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú kásẹ́ẹ̀tì ní ibi tí ìyá náà fi sí. Bí ọwọ́ ẹni kan bá gbọ̀n, Alhájà á ní, “Ó ti ń lọ o, ẹ dá a padà,” a ó sì dá a padà. Nígbà tí a parí, àtàǹpàkò mi ti bó. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú gèlè rẹ̀, ó so ó, ó sì lọ kírun. Láti ọjọ́ náà, bí o bá lọ ra aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, rẹ́gẹ̀ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ni yóò máa dún lábẹ́ tábìlì. Àwọn oníbàárà kan tilẹ̀ ní ó ń jẹ́ káwọn fara balẹ̀ yan aṣọ.

Ó ju ọdún mẹ́rin lọ kí akọrin wa tó dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ìsọ̀ Alhájà lọ́sàn-án gangan, òun àti ìyàwó kan tó ń sọ Faransé àti ọmọ kan léjìká, òun alára sì ti fá orí kodoro. Ìgbọ̀nwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ tó ń wọ̀n fún oníbàárà. Ó gbé ojú sókè, ó wò ó títí. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Irun rẹ dà?”

“Mo ti gé e, ìyá mi.”

“Ta ló ní kó o gé e?” Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bú sẹ́kún.

Nígbà tí ara tu gbogbo wa, tó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń tún ìsọ̀ kọ́ lọ́hùn-ún, a gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i nínú ìsọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ láti ṣàlàyé, láti tọrọ àforíjì pé a ti fa ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò jẹ́ kí n lanu. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí bá a kọ ọ́. Ogun, ẹrù rírù, sìmẹ́ǹtì tó rù nígbà tí ìsọ̀ jóná, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀fun rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì bọ́ gẹ́lẹ́ sí ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè é láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní kí n gbé béèsì. Mo ta okùn kan, ó ga ju ti àwọn méjèèjì lọ, ó ń ké bí àlejò tí kò mọ ìwà ilé. Mo bá dẹ okùn náà díẹ̀, mo tún un dẹ̀, títí mo fi bá wọn.

Alhájà ti lọ sílé báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kọ̀ǹpútà, ó ní láàárín ìṣẹ́jú kan òun lè gbé e sókè síbi tó yẹ kó wà. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, okùn mi kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé òótọ́ tí mo mọ̀ kò tóbi tó ihò tí mo fẹ́ fi dí. Èmi ń wá orin. Ìyá kan ń wá ọmọ rẹ̀, ó sì rí i, ó mọ ibi tó wà ju gbogbo ẹ̀rọ lọ. Bí àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní jìtá bá gbé tèmi, wọ́n a ní, “Bàbá, okùn yín ti dẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá yín mú un le.” Mo máa ń ní kí wọ́n gbé e fún mi bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ Alhájà, n kò tíì fà á padà sókè.